Ó mọ gbogbo spánà, síbẹ̀ jẹ́ẹ̀nì ń pa á láyò

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Jẹ́ẹ̀nì ni mo ń tún ṣe ní Ọ̀fà níbí, ó ti lé ní ogún ọdún. Ọmọ iṣẹ́ kan wà lọ́dọ̀ mi, ọmọ Ìgbàjà ni, ọdún kẹta ẹ̀ rèé. Ọmọ dáadáa ni, kì í jalè, kì í pẹ́ dé ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ ẹ̀ sì yá, ẹ ní kó tú ẹ́ńjìnnì kó tò ó padà, á ti tò ó kẹ́ ẹ tó jẹ ẹ̀kọ tán. Àmọ́ tí jẹ́ẹ̀nì bá ti dé tí mi ò sí nítòsí, kábúrétọ̀ náà ni, kábúrétọ̀ náà ni. Tó bá tú u tó fọ̀ ọ́ tí kò tan, ó parí nìyẹn, á jókòó máa wojú ọ̀nà dè mí. Ó yẹ kó ṣe fríìdọ́ọ̀mù lẹ́yìn Iléyá, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní ìwé náà ò wọ̀ ọ́ lórí, pé SS2 ló ti dúró, bóyá bí ọpọlọ ẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Ọmọ tèmi tó wà ní yunifásítì ní kí n ra géèmù kan sórí fóònù fún un, tó máa ń jẹ́ kí ọpọlọ mú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa bí ọpọlọ ṣe ń kọ́ nǹkan, ṣé wọ́n lè kọ́ èèyàn ní irú làákàyè yìí, àbí wọ́n ń bí i mọ́ èèyàn ni?"

Ẹ kú iṣẹ́ náà o, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n lè kọ́ ọ, kò sẹ́ni tí wọ́n bí i mọ́. Ti géèmù, ẹ má rà á. Owó yẹn, ẹ fi ra plọ́ọ̀gì sí ṣọ́ọ̀bù, ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí ẹ̀ ń bọ̀ níwájú. Àmọ́ ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ nǹkan kan tí mo fojú ara mi rí, torí bí mo ṣe ka lẹ́tà yín tán ló sọ sí mi lọ́kàn, mo sì rò pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ọmọ yín wà.

Jẹ́ẹ̀nì ilé mi ní Tánkè n'Ílọrin níbí dédé kọ̀ pé òun ò tan mọ́, lásìkò tí a ò tíì rí iná fún bí ọjọ́ mẹ́rin, ẹ mọ bí àsìkò yẹn ṣe máa ń rí. Mo fi kẹ̀kẹ́ márúwá gbé e lọ bá bàbá kan lọ́nà Gáà-Akanbí. Bàbá yẹn ò bi mí ju ìbéèrè méjì lọ: ṣé ó ń wúkọ́ díẹ̀díẹ̀ kó tó kú ni àbí ó kú lójijì, àti pé ìgbà wo ni mo ti ṣe sáfíìsì ẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó fa okùn ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò fi agbára fà á rárá, ó rọra fà á bí ẹni tó ń wọn nǹkan wò. Ó tú plọ́ọ̀gì, ó gbé e sún mọ́ imú, ó fi àtàǹpàkò nu ẹnu ẹ̀, ó wá wo àtàǹpàkò yẹn. Ó tutù. Ó fi plọ́ọ̀gì ti ara ẹ́ńjìnnì, ó fa okùn, kò taná. Ó mú plọ́ọ̀gì míì jáde nínú àpò ṣòkòtò ẹ̀, ó tún fà á, kò taná náà. Ó wá tọwọ́ bọ abẹ́, ó yọ wáyà tín-ín-rín kan lára kọ́ọ̀lì, ó fà á lẹ́ẹ̀kẹta, iná búlúù ta pàù. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ṣí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, ó wo inú ẹ̀, ó wo èmi náà bí ẹni tó jẹ ẹ́ lówó, ó da ọ́ìlì sí i, ó dá wáyà padà sáàyè ẹ̀, ó fa okùn, jẹ́ẹ̀nì dáhùn. Gbogbo ẹ̀ ò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ọmọ iṣẹ́ méjì ló dúró tì í látìbẹ̀rẹ̀ dópin o. Nígbà tí bàbá lọ ṣe àlùwàlá, mo bi èyí tó kéré nínú wọn pé kí ni ọ̀gá ẹ̀ ṣe sí jẹ́ẹ̀nì yìí tó fi tan. Ó ní, "Ọ́ìlì ni wọ́n dà sí i."

Kò parọ́. Ọ́ìlì ni wọ́n dà sí i lóòótọ́. Àmọ́ ẹ wo nǹkan tó kọjá nínú orí bàbá yẹn. Plọ́ọ̀gì tutù, á jẹ́ pé epo ń dé inú, á jẹ́ pé kábúrétọ̀, tápù, fíltà, gbogbo ọ̀nà epo ti jàre, kẹ́nikẹ́ni má tú wọn. Ó ku ọ̀nà iná. Plọ́ọ̀gì tó dáa náà ò taná, á jẹ́ pé kì í ṣe plọ́ọ̀gì. Wáyà tín-ín-rín yẹn ló máa ń pa kọ́ọ̀lì lẹ́nu mọ́ téèyàn bá pa súìṣì, òun náà ló so mọ́ sẹ́ńsọ̀ ọ́ìlì, bó ṣe yọ ọ́ tí iná ta, kọ́ọ̀lì náà ti jàre, ẹni tó pa á lẹ́nu mọ́ ló kù ká wá, àbí súìṣì ni àbí ọ́ìlì. Gbogbo ìgbà tó fọwọ́ kan nǹkan kan, apá kan nínú ọ̀rọ̀ ló ń gé dànù. Mo mọ̀ pé bí ẹni ń kọ́ ẹja lódò wíwẹ̀ ni mo ṣe ń ṣe, ẹ̀yin lẹ niṣẹ́, ẹ ti ṣe irú ẹ̀ láìmọye ìgbà láìtiẹ̀ rò ó. Ibi tí mò ń lọ gan-an nìyẹn: láìtiẹ̀ rò ó. Ọmọ tó dúró tì yín ò rí ìkankan nínú gbogbo "á jẹ́ pé, á jẹ́ pé" yẹn, torí kò sí lọ́wọ́ yín, inú orí yín ló wà, ẹ ò sì sọ ọ́ jáde. Ọwọ́ ló rí. Tí jẹ́ẹ̀nì míì bá dé lọ́dọ̀ bàbá Gáà-Akanbí lọ́la, ọ́ìlì lọmọ yẹn máa dà sí i, bí tiyín ṣe ń tú kábúrétọ̀.

Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan wà, Jean Lave, ó lọ jókòó ti àwọn télọ̀ ní Monrovia ní Làìbéríà láwọn ọdún 1970 síwájú, ó ń wo bí ọmọ iṣẹ́ ṣe ń di ọ̀gá. Wọn kì í bẹ̀rẹ̀ látorí aṣọ gígé. Bọ́tìnnì ni ọmọ á kọ́kọ́ máa rán, á máa ká etí aṣọ, ìparí iṣẹ́ ló máa kọ́kọ́ mọ̀, rírán ló tẹ̀ lé e, gígé ló máa gbẹ̀yìn, torí ẹni tó bá ran aṣọ tì lè tú u, ẹni tó bá ṣì í gé ti jẹ gbèsè. Ó jọ bí ọmọ ahunṣọ n'Ílọrin ṣe máa ń ká òwú tipẹ́ kó tó jókòó sídìí òfì. Ọgbọ́n ńlá ni, kò sì sẹ́ni tó kọ́ wọn ní yunifásítì. Àmọ́ aṣọ ni o, ojú rí i, ẹ lè yí i sódì kẹ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe rán an. Àìsàn jẹ́ẹ̀nì ò ní òdì téèyàn lè yí wò. Lọ́dún 1989, Allan Collins, John Seely Brown àti Susan Newman mú ọ̀rọ̀ télọ̀ yìí, wọ́n ní iṣẹ́ tó bá jẹ́ inú orí ni wọ́n ti ń ṣe é, bí ẹ̀kọ́ṣẹ́ náà ṣe yẹ kó rí nìyẹn, àmọ́ àfi kí ọ̀gá gbé inú orí ẹ̀ síta kí ọmọ gbọ́ ọ, kó kọ́kọ́ dì í mú, lẹ́yìn náà kó máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé gbogbo nǹkan tí mo kọ síbí, ẹ mú ìyẹn lọ.

Ó dáa, kábúrétọ̀. Kí ló dé tó jẹ́ kábúrétọ̀ ṣáá? Mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe ìṣirò kékeré kan bá mi. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta ló wà, ọ̀kan gba 21, ọ̀kan gba 127, ọ̀kan gba 3, mo fẹ́ 100 géérégé. Ẹ pọn 127 kún, ẹ bu 21 kúrò, ẹ bu 3 kúrò lẹ́ẹ̀mejì, ó ku 100. Abraham Luchins fún àwọn èèyàn ní oríṣiríṣi irú èyí lọ́dún 1942, gbogbo ẹ̀ ló sì ń gbọ́ ọgbọ́n kan náà yẹn. Ó wá fún wọn ní èyí: 23, 49, àti 3, ó fẹ́ 20. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló pọn 49, tí wọ́n bu 23 kúrò, tí wọ́n bu 3 kúrò, tí wọ́n tún bu 3 kúrò. Ó kúkú bọ́ sí i, 20 náà ni. Àmọ́ ẹ wò ó o, 23, ẹ bu 3 kúrò, ó tán! Àwọn tí kò fún ní ti àkọ́kọ́ rí i lójú ẹsẹ̀, àwọn tó ti gbówọ́ nínú ọ̀nà gígùn ni ò rí i. Wọn ò gọ̀. Ọ̀nà tó ti ń gbè wọ́n látàárọ̀ ló dí wọn lójú.

Mo lè fi nǹkan búra pé èyí tó pọ̀ jù nínú jẹ́ẹ̀nì tí ọmọ yín rí lọ́dún àkọ́kọ́ ẹ̀, epo tó ti pẹ́ nínú ẹ̀ ló ba kábúrétọ̀ jẹ́, ẹ ní kó fọ̀ ọ́, ó fọ̀ ọ́, ó tan, kọ́sítọ́mà sanwó, ẹ kí i pé ó kú iṣẹ́. Nǹkan tó bá ń jẹ́ bí ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ nínú ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ló máa ń ṣòro fi sílẹ̀ jù. Tó bá jẹ́ pé kì í jẹ́ rárá ni, ì bá ti jù ú nù tipẹ́.

Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó ní ìwé ò wọ̀ ọ́ lórí, ẹ bá mi kí i, àmọ́ kó yé sọ bẹ́ẹ̀ létí ọmọ. Ní Recife ní orílẹ̀-èdè Brazil, Terezinha Carraher, David Carraher àti Analúcia Schliemann lọ ra nǹkan lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ń tajà lójú títì, wọ́n kọ ọ́ jáde lọ́dún 1985, irú àwọn ọmọ tẹ́ ẹ máa rí ní Ìpátá tí wọ́n ń gbé atẹ kiri. Ọmọ márùn-ún, ọmọ ọdún 9 sí 15. Ìṣirò tí wọ́n ṣe lórí ọjà, wọ́n gba 98 nínú 100. Wọ́n wá kọ ìṣirò yẹn kan náà sórí ìwé láìsí àgbọn, láìsí ọjà, wọ́n gba 37. Ọmọ kan náà o, orí kan náà. Torí náà kẹ́nikẹ́ni má fi káàdì ilé ìwé díwọ̀n nǹkan tí ọmọ lè ṣe nídìí ẹ́ńjìnnì.

Wàyí o, géèmù. Èrò tó wà nídìí ẹ̀ ni pé ọpọlọ dà bí iṣan apá, tẹ́ ẹ bá fi gbé ìrin, á lè gbé àpò símẹ́ńtì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà ní Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, Ericsson, Chase àti Faloon ló kọ̀wé nípa ẹ̀ lọ́dún 1980, wọ́n ń pe nọ́ńbà fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, òun á pè é padà látorí. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, 7 ló lè rántí, bíi tèmi àti tiyín. Ó fi bí wákàtí 230 ṣe é, ó dé 79. Ẹni tó ń sáré ìje ni, ó wá ń kó nọ́ńbà yẹn jọ bí àkókò tí wọ́n fi sáré, mẹ́ta mẹ́ta, mẹ́rin mẹ́rin. Ṣé ọpọlọ ẹ̀ wá ti mú? Wọ́n yí nọ́ńbà kúrò, wọ́n pe lẹ́tà A, B, D fún un, ó padà sí bíi 6. Nǹkan tó kọ́ ló mọ̀. Ọmọ yín á gbówọ́ nínú géèmù, á máa borí gbogbo ọ̀rẹ́ ẹ̀, kábúrétọ̀ náà lá máa tú.

Nǹkan tó yà yín sọ́tọ̀ sí i kì í ṣe mímú ọpọlọ. Adriaan de Groot ará Nẹ́dálándì ló kọ́kọ́ wo àwọn tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì, ayò àwọn òyìnbó yẹn, ìwé ẹ̀ jáde lọ́dún 1946, William Chase àti Herbert Simon wá tẹ̀ lé e lọ́dún 1973. Wọ́n fi ojú ayò hàn èèyàn fún ìṣẹ́jú-àáyá 5 péré, wọ́n bò ó, wọ́n ní kó tò ó padà. Ọ̀gá to ọmọ ayò bíi 16 sáàyè ẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ to bíi 4. Wọ́n wá da ọmọ ayò yẹn ká bí ẹní da àgbàdo, láìní ìtumọ̀, ọ̀gá náà bá dọ́gba pẹ̀lú ọmọdé, díẹ̀ báyìí ló rántí. Ojú ọ̀gá ò mú ju tẹnikẹ́ni lọ o, àwọn ojú ayò tó ti rí rí ló pọ̀ nínú orí ẹ̀, ó ń kó wọn ní ìdì ìdì, nígbà tí ọmọdé ń ṣa wọ́n ní ẹyọ ẹyọ. Orí èèyàn ò sì gba ẹyọ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bíi 4 ni Nelson Cowan pè é lọ́dún 2001. Ọmọ tó ń rántí ibi tí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan wà, tó ń gbọ́ bí kọ́sítọ́mà ṣe ń pòṣé lẹ́yìn ẹ̀, tó tún ń bẹ̀rù kẹ́ ẹ má dé bá a, ibo ló fẹ́ gbé ìrònú sí? Ẹ̀yin ní tiyín, "plọ́ọ̀gì tutù tí kò taná," ìdì kan ṣoṣo ni lójú yín.

Ẹ ṣe àyẹ̀wò yìí fún un lọ́sẹ̀ yìí, kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ ní kó pín gbogbo jẹ́ẹ̀nì tó wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù sí ìsọ̀rí ìsọ̀rí, bó bá ṣe wù ú. Michelene Chi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe irú ẹ̀ lọ́dún 1981 pẹ̀lú ìbéèrè físíìsì: àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ kó gbogbo èyí tó ní sípíríngì síbì kan, èyí tó ní ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ síbì kan, àwọn ọ̀mọ̀wé kó wọn jọ gẹ́gẹ́ bí òfin tó máa yanjú wọn, bó ti wù kí ojú wọn yàtọ̀ tó. Tí ọmọ yín bá pín in sí Tiger, sí Honda, sí "I pass my neighbour", ẹ ti mọ ibi tó dúró sí. Tó bá ní èyí ò rí epo, èyí ò rí iná, èyí rí méjèèjì àmọ́ kò lágbára láti tì í, inú yín á dùn. Mo rò pé Tiger àti Honda ló máa sọ ṣá.

Kí lẹ máa wá ṣe? Ẹ la ẹnu. Kó máa dà bíi pé ẹ ń bá ara yín sọ̀rọ̀ nídìí jẹ́ẹ̀nì: "mo fẹ́ wo plọ́ọ̀gì, tó bá gbẹ, ọ̀nà epo ni màá tọ̀, tó bá tutù, mi ò dé ọ̀dọ̀ kábúrétọ̀ mọ́." Á kọ́kọ́ ṣe yín bákan, àwọn kọ́sítọ́mà á máa wò yín pé kí ló ṣe bàbá yìí, ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹ má wulẹ̀ ní kó kọ́kọ́ máa wá a fúnra ẹ̀ lórí nǹkan tí kò rí rí. John Sweller àti Graham Cooper fi ìṣirò áljẹ́brà wò ó ní Ọsirélíà lọ́dún 1985, àwọn tí wọ́n fún ní èyí tí wọ́n ti ṣe tán tí wọ́n ń kà á, yára kọ́ ọ ju àwọn tó ń fúnra wọn jà á lọ, wọn ò sì ṣàṣìṣe tó wọn. Àmọ́ bí ọmọ bá ṣe ń gbọ́n sí i ni àpẹẹrẹ yẹn á máa di ìnira fún un, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kẹ́ ẹ máa dákẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀yin lẹ ń sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ sọ ìdajì, òun á parí ẹ̀. Tó bá yá, òun ló máa sọ ọ́, tiyín ò ju "ńkọ́?" lọ.

Òfin kan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù: kò gbọdọ̀ mú spánà kó tó sọ nǹkan tó rò pé ó ṣe é, àti nǹkan tó máa rí tó bá jẹ́ pé irọ́ ni. Apá kejì yẹn ló ṣe pàtàkì. "Mo rò pé kábúrétọ̀ ni." Ó dáa. Báwo lo ṣe máa mọ̀ tí kì í bá ṣe kábúrétọ̀? Ẹ má fi bínú bi í o, torí ọmọ tí wọ́n bá ti máa gbá létí tó bá sọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ò ní sọ̀rọ̀ mọ́, á sì jẹ́ pé ẹ ti padà sínú òkùnkùn tẹ́ ẹ ti ń bọ̀.

Èyí tó kàn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà, torí ó máa jọ pé mò ń tàn yín. Jẹ́ẹ̀nì kọ́ńdẹ́ẹ̀mù tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, kò sí ṣọ́ọ̀bù tí kò ní, ẹ tún un ṣe kó máa tan, kẹ́ ẹ wá máa fọwọ́ ara yín bà á jẹ́. Lónìí ẹ jẹ́ kí wáyà súìṣì kan ara ẹ́ńjìnnì. Lọ́la ẹ lẹ ẹnu plọ́ọ̀gì pọ̀. Lọ́túnla ẹ dí tápù. Ẹ má to irú kan náà tẹ̀ léra wọn, ẹ dà á pọ̀ bí ìwé káàdì. Doug Rohrer àti Kelli Taylor kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ìṣirò oríṣi mẹ́rin, ìwé ẹ̀ jáde lọ́dún 2007. Àwọn kan ṣe oríṣi kọ̀ọ̀kan tán kí wọ́n tó bọ́ sí èkejì, àwọn kan ṣe é ní àdàpọ̀. Lásìkò tí wọ́n ń kọ́ ọ, àwọn tó to tiwọn gba 89 nínú 100, àwọn aládàpọ̀ gba 60. Tíṣà wo ni kò ní sọ pé àdàpọ̀ ò dáa? Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan wọ́n dán wọn wò. Àwọn tó to tiwọn gba 20. Àwọn aládàpọ̀ gba 63.

Ẹ tún un kà. Ẹni tó to tiẹ̀ ò kọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ irú èyí tó wà níwájú òun, torí ó ti mọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ pé bíi ti àná ni. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìkan ló kọ́. Tí ọmọ yín náà sì nìyẹn, ó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe gbogbo ẹ̀, èwo nínú ẹ̀ ni ò mọ̀. Torí náà tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ àdàpọ̀ yìí, á máa ṣì í ṣe ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fún ìgbà díẹ̀, ó lè rí bíi pé ó ń rẹ̀yìn. Ẹ má jáwọ́.

Nǹkan kan kù tí ò jọ nǹkan, àmọ́ mo fẹ́ràn ẹ̀. Ẹ dí ihò kékeré tó wà lára ìdérí táǹkì, kí jẹ́ẹ̀nì máa tan fúngbà díẹ̀ kó wá kú, tí wọ́n bá ṣí táǹkì kó tún tan. Ẹ wo bó ṣe máa da ọmọ yẹn láàmú. Bẹ́ẹ̀ àti kékeré ló ti ń lu mílíìkì agolo níhò méjì, ó mọ̀ dájú pé tó bá lu ọ̀kan ṣoṣo kò ní dà dáadáa torí atẹ́gùn ò rí ọ̀nà wọlé. Ó mọ ìdáhùn yẹn látọmọ ọdún márùn-ún! Kò kàn ní wá sí i lọ́kàn ni. Mary Gick àti Keith Holyoak rí irú èyí lọ́dún 1980. Wọ́n béèrè bí dókítà ṣe máa fi ìtànṣán pa kókó inú ikùn láìba ẹran ara tó yí i ká jẹ́, bí 10 nínú 100 ló rí i fúnra wọn. Àwọn kan, wọ́n kọ́kọ́ sọ ìtàn ọ̀gágun kan fún wọn, tó pín ọmọ ogun ẹ̀ gba ọ̀nà púpọ̀ kí wọ́n lè pàdé níbi odi kan náà, ìdáhùn gan-an ló wà nínú ìtàn yẹn, ká pín ìtànṣán kó gba ọ̀nà púpọ̀, kò lágbára níbì kankan àfi níbi tí gbogbo ẹ̀ ti pàdé. Síbẹ̀ bí 30 péré ló lò ó. Ìgbà tí wọ́n wá sọ fún wọn pé ìtàn yẹn wúlò o, ó di bíi 75.

Nǹkan tó wà lórí kì í dédé rìn lọ síbi tí wọ́n ti nílò ẹ̀, àfi kí ẹnì kan mú un lọ́wọ́. Torí náà ẹ má sọ ọ́ fún un. Ẹ gbé agolo mílíìkì síwájú ẹ̀, ẹ gbé ìdérí táǹkì sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ẹ ní kó sọ nǹkan tí méjèèjì fi jọra. Bó bá fi bí wákàtí kan wá a, ẹ jẹ́ kó wá a. Ẹ sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún jẹ́ẹ̀nì méjì méjì tí ojú wọn ò jọra tí àìsàn wọn jọra.

Ọ̀rọ̀ fríìdọ́ọ̀mù ló kù. Ọdún mẹ́ta ò túmọ̀ sí nǹkan kan fúnra ẹ̀, Ericsson tó ṣe ti nọ́ńbà yẹn náà ló tún fi ọ̀pọ̀ ọdún sọ ọ́, àgàgà nínú ìwé tó kọ lọ́dún 1993 nípa àwọn tó ń ta fáólìnì ní Berlin, pé ìdánrawò tí èèyàn dìídì ṣe sí ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó fún un ló ń sọ ọ́ di ọ̀gá, kì í kàn ṣe bó ṣe pẹ́ nídìí ẹ̀. Torí náà ẹ má sún un síwájú torí pé ẹ̀rù ń bà yín, ẹ má sì ṣe é torí pé wọ́n ti dá ọjọ́. Tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fi àìsàn mẹ́ta tí kò rí rí sínú kọ́ńdẹ́ẹ̀mù yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ jókòó lórí bẹ́ǹṣì níbi tẹ́ ẹ ti lè gbọ́ ọ. Ẹ má wo bóyá ó tan. Ẹ gbọ́ nǹkan tó máa sọ nígbà tí àbá àkọ́kọ́ ẹ̀ bá kùnà. Tó bá ní "á jẹ́ pé kì í ṣe ọ̀nà epo nìyẹn," ẹ ránṣẹ́ sáwọn ará Ìgbàjà kí wọ́n máa bọ̀. Tó bá tún na ọwọ́ sí kábúrétọ̀, ẹ fún un ní oṣù mẹ́ta sí i, kẹ́ ẹ sì sọ fáwọn òbí ẹ̀ pé ẹ̀yin lẹ jẹ ẹ́ ní oṣù mẹ́ta yẹn, torí òótọ́ ni.